Ní Íńdíà, ìgbà tí ẹjọ́ dé kóòtù ló ń sọ ibi tí òṣùwọ̀n máa tẹ̀ sí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ́ iṣẹ́ òfin ní Ìbàdàn. Olùkọ́ wa sọ pé tí a bá fẹ́ mọ bí òfin ṣe lè dáàbò bo àyíká láì dí ìdàgbàsókè lọ́wọ́, ká lọ ka ìdájọ́ ilẹ̀ Íńdíà. Mo ka méjì. Nínú ti ọdún 1996, wọ́n ti àwọn ilé iṣẹ́ awọ pa nítorí odò. Nínú ti ọdún 2000, wọ́n ní kí wọ́n máa kọ́ dáàmù tó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn lọ. Ilé ẹjọ́ kan náà ni, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń tẹnu mọ́ nínú méjèèjì, pé ìdàgbàsókè gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí kò ní ba tọmọ-tọmọ jẹ́. Ó rú mi lójú. Nínú àyíká àti ìdàgbàsókè, èwo gan-an ló wúwo jù lójú òfin wọn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ó yẹ kó rú ọ lójú. Àwọn agbẹjọ́rò Íńdíà fúnra wọn ò tíì yé jiyàn lórí ìdájọ́ méjèèjì yẹn. Ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ sínú ìwé ìdánwò ni pé méjèèjì wúwo bákan náà, pé adájọ́ á kó wọn sórí òṣùwọ̀n, á sì wo ibi tó bá tẹ̀ sí. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí mo rí nínú àwọn ẹjọ́ wọn ni pé kí adájọ́ tó gbé òṣùwọ̀n rárá, ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀: ṣé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀? Bí wọn ò bá tíì fi ọkọ́ kan ilẹ̀, àyíká sábà máa ń rí ojú rere. Àmọ́ bí ilé bá ti dúró, tí owó ti wọlẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ti ń gbowó oṣù, ilé ẹjọ́ á báni wí, á bu owó ìtanràn, ilé náà á sì wà níbẹ̀.

Kí n tó dé orí ẹjọ́ méjì tìrẹ, jẹ́ ká wo ibi tí agbára àwọn adájọ́ yẹn ti wá, torí ó kan àwa náà.

Ìwé òfin Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1950 kò ní abala kan tó dá lórí ààbò àyíká. Ọdún 1972 ni àpérò àgbáyé lórí àyíká wáyé nílùú Stockholm, Indira Gandhi tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà náà sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọdún 1976 ni àtúnṣe kejìlélógójì wá fi abala 48A kún ìwé òfin náà, tó ní kí ìjọba dáàbò bo àyíká, igbó àti ẹranko ìgbẹ́, àti abala 51A(g), tó sọ ọ́ di ojúṣe gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n abala 48A wà lára àwọn ìlànà tí ìjọba gbọ́dọ̀ máa fi sọ́kàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè torí rẹ̀ nìkan pe ìjọba lẹ́jọ́. O mọ irú rẹ̀ nílé: abala 20 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 wà nínú orí kejì, abala 6(6)(c) sì ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ gbogbo orí náà.

Abala 21 ni àwọn adájọ́ Íńdíà gbà wọlé, èyí tó ní a kò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí tàbí òmìnira ẹnikẹ́ni àfi bí òfin bá ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n ní wíwà láàyè ju kéèyàn ṣáà máa mí lọ. Lọ́dún 1991, nínú ẹjọ́ Subhash Kumar, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀tọ́ láti wà láàyè kan ẹ̀tọ́ sí omi àti atẹ́gùn tí kò ní ìdọ̀tí. (Ẹjọ́ náà gan-an, wọ́n da olùpẹ̀jọ́ nù, torí wọ́n rí i pé èrè ara rẹ̀ ló ń wá. Gbólóhùn yẹn ló kù nílẹ̀ tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí.) Wọ́n tún gba ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn tààrà láyè láti pe ẹjọ́ nítorí ìlú. Ẹjọ́ àwọn tó ń fọ́ òkúta lórí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dehradun, lẹ́tà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1983. Ilé ẹjọ́ gba lẹ́tà náà bí ìwé ìpẹ̀jọ́, ó sì ti ọ̀pọ̀ nínú ibi ìfọ́kùúta náà pa lọ́dún 1985. Ní tiwa, ọdún 2018 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Nàìjíríà ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ aráàlú, nínú ẹjọ́ Centre for Oil Pollution Watch àti NNPC.

Ìjàǹbá ìlú Bhopal náà wà láàárín. Oṣù kejìlá ọdún 1984, gáàsì olóró jò jáde nínú ilé iṣẹ́ Union Carbide lóru, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tún jò ní Delhi, nílé iṣẹ́ Shriram. Ìwọ tí o ti ka Rylands v Fletcher, ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lórí ẹni tí ohun eléwu rẹ̀ bá jáde lọ ṣèpalára, ìdájọ́ Shriram yìí á jọ ọ́ lójú: ní ìparí ọdún 1986, ilé ẹjọ́ wọn ní òfin Rylands ti gbó, pé ẹni tó bá ń fi ohun eléwu ṣòwò kò ní àwáwí kankan bí ó bá ṣèpalára, ì báà jẹ́ pé ó ṣọ́ra dọ́ba. Ọdún 1986 yẹn náà ni òfin ààbò àyíká, Environment (Protection) Act, jáde.

Ó yá, Vellore, ẹjọ́ 1996 tí o kà. Ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń sọ awọ ẹran di awọ bàtà àti awọ báàgì lé ní 900. Nǹkan bí 35 lítà omi ni wọ́n ń lò lórí kílò awọ kan, pẹ̀lú oríṣiríṣi kẹ́míkà. Omi yẹn ni wọ́n ń dà sí odò Palar, sí etí ọ̀nà, sí inú oko. Àwọn olùwádìí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ náà rí i pé nǹkan bí 35,000 hẹ́kítà ilẹ̀ oko ti bàjẹ́, òmíràn díẹ̀, òmíràn pátápátá. Nínú abúlé 13 kan tí wọ́n yẹ̀ wò, kànga 467 ni wọ́n ti ń mu tí wọ́n sì ti ń bomi rin oko. Ìdọ̀tí ti wọ 350 nínú wọn. Ní ti àgbẹ̀ ibẹ̀, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀, awọ yẹn ń mú owó ilẹ̀ òkèèrè wọlé, ó sì ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn níṣẹ́. Adájọ́ Kuldip Singh kò jiyàn rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ awọ ṣe pàtàkì fún ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti ba àyíká jẹ́. Ìgbà náà ló wá mú ìlànà méjì jáde, tó ní wọ́n ti di ara òfin Íńdíà. Èkíní ni ìṣọ́ra ṣáájú ewu: bí ìpalára tí kò ní àtúnṣe bá ń bọ̀, kí ìjọba má ṣe tìtorí pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tíì dá a lójú tán kó wá káwọ́ gbera. Èkejì ni pé ẹni tó bà á jẹ́ ni yóò sanwó rẹ̀, àti owó gbà-má-bínú fún àwọn tó fara gbá, àti owó tí wọ́n máa fi tún ilẹ̀ àti omi ṣe.

Ohun kan wà nínú ìlànà èkíní tí mo fẹ́ kí o dúró lé lórí, torí òun ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò kọjá: ẹrù ẹ̀rí. Nínú ẹjọ́ tí a mọ̀, ẹni tó fẹ̀sùn kanni ló ń wá ẹ̀rí. Wá wo àgbẹ̀ kan létí Palar, tí kànga rẹ̀ ti bàjẹ́, tí ilé iṣẹ́ awọ sì pọ̀ lókè odò. Èwo nínú wọn ló ba kànga rẹ̀ jẹ́? Níbo ló ti fẹ́ rí owó tó máa fi gbé omi lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ kẹ́míkà wò? Kuldip Singh yí i padà. Ó ní ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà ni kó fi hàn pé kò ní pa àyíká lára. Lójú tèmi, ìyẹn níye lórí ju gbogbo ọ̀rọ̀ nípa òṣùwọ̀n lọ, torí ó mú ẹrù kúrò lórí ẹni tí kò lágbára, ó gbé e ka orí ẹni tó ń jèrè.

Àmọ́ kì í ṣe pé wọ́n kàn ti gbogbo ilé iṣẹ́ náà pa bí o ṣe kà á. Owó ìtanràn 10,000 rúpìì ni wọ́n bù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún wọn di òpin oṣù kọkànlá ọdún náà láti ní ẹ̀rọ tó ń fọ omi ìdọ̀tí, ẹni tí kò bá ní in ni kí wọ́n tì pa. Ẹni tó ní in ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ibi tí ilé iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ kí ẹjọ́ tó dé nìyẹn: ìlànà líle, ọwọ́ fífúyẹ́. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ṣì tún padà sórí odò Palar kan náà, ó ń pàṣẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ san owó gbà-má-bínú tó kù fún àwọn ìdílé tó fara gbá, kó sì lọ gbà á padà lọ́wọ́ àwọn tó ba odò jẹ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìdájọ́.

Ẹ̀rí mìíràn rèé pé ìdájọ́ líle kì í tètè kan ilé iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Abúlé Bichhri ní Rajasthan, tí omi kànga wọn bàjẹ́ nítorí pàǹtí kẹ́míkà, gba ìdájọ́ tó dára gan-an lóṣù kejì ọdún 1996. Àwọn oníléeṣẹ́ náà ń fi ìwé ẹ̀bẹ̀ lé ìwé ẹ̀bẹ̀ títí di ọdún 2011, kí ilé ẹjọ́ tó wá fi èlé gọbọi lé owó àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n san.

Ti odò Narmada, ẹjọ́ dáàmù ọdún 2000 tí o kà, wá ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí dáàmù Sardar Sarovar lọ́dún 1987, ní àdéhùn pé wọ́n á máa parí ìwádìí lórí àyíká bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Àwọn ará ẹkùn náà kò sinmi, ẹgbẹ́ Narmada Bachao Andolan ló kó wọn jọ, Medha Patkar sì ni ayé mọ̀ jù nínú wọn. Owó Báńkì Àgbáyé dáwọ́ dúró lórí dáàmù náà lọ́dún 1993. Ọdún 1994 ni ẹjọ́ tó dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ọjọ́ 18, oṣù kẹwàá, ọdún 2000 ni ìdájọ́ jáde, adájọ́ méjì sí ọ̀kan.

Tún ìdájọ́ Kirpal kà, òun ló kọ ti àwọn méjì tó pọ̀ jù. Ó ní àwọn olùpẹ̀jọ́ ti pẹ́ jù. Àṣẹ tí ìjọba fún dáàmù náà lọ́dún 1987 ni wọ́n ń bá jà lẹ́yìn tí wọ́n ti ná owó rẹpẹtẹ sórí iṣẹ́. Ó sì tún sọ ohun kan tó ṣì ń dùn mí: pé ìlànà ìṣọ́ra ṣáájú ewu kò kan dáàmù, torí Íńdíà ti ń kọ́ dáàmù tipẹ́, wọ́n mọ ohun tó ń fà, dáàmù kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ olóró. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́ wọ abẹ́ omi, ẹrù ẹ̀rí tí Vellore gbé kúrò lórí rẹ̀ ni ìdájọ́ yìí gbé padà. Adájọ́ Bharucha kò gbà. Ó ní àṣẹ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà láì parí ìwádìí kì í ṣe àṣẹ tó pé, kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, kí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó pọ̀ jù ló borí. Lọ́dún 2017 ni wọ́n ṣí dáàmù náà, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 138.68.

Nítorí náà, kì í ṣe pé òfin yí padà láàárín 1996 àti 2000. Nínú méjèèjì, ohun tó ti wà nílẹ̀ dúró. Ní Vellore, wọ́n fi ẹ̀rọ kún un. Ní Narmada, wọ́n ní kí wọ́n wá ilẹ̀ mìíràn fún àwọn tó ń lọ.

Fi ìyẹn wé Niyamgiri, ẹjọ́ tí mo fẹ́ràn jù. Òkè ni Niyamgiri, ní ìpínlẹ̀ Odisha. Àwọn Dongria Kondh ló ń gbé lórí rẹ̀, wọ́n sì ń bọ Niyam Raja, ọba òkè náà. Lábẹ́ òkè yẹn, bauxite wà, òkúta tí wọ́n ń yọ alumíníọ̀mù nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Vedanta ti kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa sè é sí Lanjigarh nísàlẹ̀ òkè, ó ku kí wọ́n gun òkè lọ wà á. Lọ́dún 2010, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Ilé iṣẹ́ ìwakùsà ti ìjọba ìpínlẹ̀ Odisha pe ẹjọ́. Ọjọ́ 18, oṣù kẹrin, ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní òun kò ní dá a. Kí wọ́n lọ bi ìpàdé ará abúlé, tí wọ́n ń pè ní Gram Sabha, nítorí òfin ẹ̀tọ́ sí igbó ti ọdún 2006 fún wọn láṣẹ láti sọ bóyá ìwakùsà náà á tàbùkù sí ẹ̀sìn àti àṣà wọn. Abúlé 12 ni wọ́n yàn. Abúlé 12 náà ló kọ̀. Oṣù kìíní ọdún 2014, ìjọba fìdí kíkọ̀ náà múlẹ̀.

Ṣé o rí i? Ibi tí wọn ò tíì wà, wọn ò wà á. Ibi ìsebauxite tó ti wà ní Lanjigarh ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń ra òkúta níbòmíràn. Òkè kan, ilé iṣẹ́ kan, ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí kò bọ́ sínú ohun tí mo ń sọ yìí dáadáa, mi ò sì fẹ́ fi pa mọ́ fún ọ. Ẹyẹ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Great Indian Bustard ń kú tán ní Rajasthan àti Gujarat, wáyà iná sì wà lára ohun tó ń pa á. Lọ́dún 2021 ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n ri wáyà mọ́lẹ̀ níbi tó ṣeé ṣe lórí ilẹ̀ tó tó 99,000 kìlómítà níbùú lóròó. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni oòrùn ti pọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná láì sun èédú. Lọ́dún 2024 wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi í lé ìgbìmọ̀ onímọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì sọ nínú ìdájọ́ kan náà pé ará Íńdíà ní ẹ̀tọ́ láti bọ́ lọ́wọ́ ìpalára tí ìyípadà ojú ọjọ́ ń fà. Níbẹ̀, àyíká ló ń bá àyíká jà. Ìyẹn nira ju ti dáàmù lọ, mi ò sì bá adájọ́ kankan wí lórí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù lónìí ni ìwé àṣẹ. Láti ọdún 1994, pàápàá lábẹ́ ìlànà ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, wa kùsà tàbí la ọ̀nà márosẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣèwádìí lórí àyíká, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú, kó sì gba ìwé àṣẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ni gbogbo agbára ìlànà náà wà. Bí ìwé àṣẹ bá lè dé lẹ́yìn tí ilé ti parí, kí ni ará abúlé ń bọ̀ wá sọ níbi ìpàdé?

Síbẹ̀, oṣù kẹta ọdún 2017, ìjọba fún àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgbàṣẹ ní oṣù mẹ́fà láti wá tọrọ rẹ̀. Lọ́dún 2021, wọ́n tún gbé ìlànà mìíràn jáde lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2020, nínú ẹjọ́ Alembic, adájọ́ Chandrachud kọ ọ́ kedere pé ìwé àṣẹ ẹ̀yìn-iṣẹ́ lòdì sí òfin. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹjọ́ náà dá lé, ní Gujarat. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àyíká, National Green Tribunal, èyí tí òfin ọdún 2010 dá sílẹ̀, ti ní kí wọ́n tì wọ́n pa. Chandrachud bá ìgbìmọ̀ náà gbà lórí òfin, ó sì fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn lórí títì: kí ọ̀kọ̀ọ̀kan san crore mẹ́wàá rúpìì, ìyẹn mílíọ̀nù 100, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Ohun tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ náà nìyí, nínú ìdájọ́ ẹyọ kan.

Oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni àwọn adájọ́ Oka àti Bhuyan, nínú ẹjọ́ Vanashakti, wá fagi lé ìlànà 2017 àti ti 2021 pátápátá, tí wọ́n sì ní kí ìjọba má ṣe gbé irú rẹ̀ jáde mọ́. Wọn ò fọwọ́ kan ìwé àṣẹ tí ìjọba ti fún àwọn èèyàn ṣáájú ìgbà yẹn. Inú mi dùn gan-an. Kò pé oṣù méje. Ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá ọdún náà, olórí àwọn adájọ́ nígbà náà, Gavai, àti adájọ́ Vinod Chandran gba ìdájọ́ náà padà, méjì sí ọ̀kan. Ìdí wọn ni pé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó 20,000 crore rúpìì á di wíwó, títí kan ilé ìwòsàn ìjọba ńlá kan ní Odisha. Mo mọ ìwúwo ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìjọba ló kọ́ ọ, ìjọba ló sì ṣe òfin pé kí wọ́n gbàṣẹ ṣáájú.

Bhuyan nìkan ló dúró síbi tó wà. Ẹjọ́ náà ti padà sílẹ̀ fún ìgbọ́ tuntun. Bí o bá fẹ́ kọ ìwé àṣekágbá rẹ lórí èyí, ìdájọ́ ọ̀tọ̀ tí Bhuyan kọ lọ́jọ́ yẹn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí o sì kà á pẹ̀lú ti Bharucha ti ọdún 2000. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ẹjọ́ tí o bá kà, kọ déètì mẹ́ta sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀, ọjọ́ tí ìwé àṣẹ jáde, ọjọ́ tí ẹjọ́ dé kóòtù.